Wọ́n ní kí Bàbá wa gba iṣẹ́ abẹ ìfun, wọ́n sì dárúkọ àpò. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọYemẹtu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ká wa lọ́wọ́ kò nílé.

Ẹni ọdún 58 ni Bàbá wa. Awakọ̀ Micra ni wọ́n, Mọ́kọ́lá sí Òjọ́ọ̀. Ó ti tó ọdún kan àti ààbọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ wọn jáde, gbogbo wa la sì pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. A ní ìjókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ló fà á. Wọ́n mu àgbo, wọ́n ṣíwọ́ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ á dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, á tún padà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí a kọ́kọ́ lọ fún wọn ní oògùn jẹ̀dí àti oògùn ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ ìdí wọn wò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí ìgbẹ́ wọn wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ni ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn lọ sí UCH. Dókítà ki ìka bọ̀ wọ́n nídìí, kò tó ìṣẹ́jú kan, mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà.

Wọ́n ti ṣe colonoscopy, wọ́n fi okùn oníkámẹ́rà wo inú ìfun wọn láti ìdí, wọ́n gé díẹ̀ lára ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, èsì sì jáde: àrùn jẹjẹrẹ. Ìfun ìdí ló wà, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sókè láti ẹnu ihò ìdí. CT scan tó ń ya àwòrán inú ara ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy) àti kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, ló máa ṣáájú, iṣẹ́ abẹ á tẹ̀ lé e. Àpò ìgbẹ́ á wà lára ikùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè jẹ́ títí ayé.

Bàbá ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi ikùn yàgbẹ́ ti kú tán, àìsin ló kù. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìsẹ́yìn ní àwọn mọ oníṣègùn kan. Ẹkún ni Màmá ń sun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀, kó bá mi sọ òótọ́.

ÌyáÌbejìMọ̀níyà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ọlọ́run á kó wọn yọ.

Ti màmá mi kò fẹjẹ̀ han rárá. Ó kàn ń rẹ̀ wọ́n ni, wọ́n funfun lójú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ tí wọ́n bá gun òkè Mápó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń tì wọ́n lẹ́yìn fún oṣù mẹ́jọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí dókítà ní ìfun ńlá apá ọ̀tún ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ó ń pòpọ̀ mọ́ ìgbẹ́, ojú lásán ò lè rí i. Wọ́n gé apá ọ̀tún yẹn kúrò, wọ́n so ìfun kékeré mọ́ èyí tó kù. Kò sí àpò kankan. Ó ti di ọdún keje, wọ́n ṣì ń dín àkàrà títí dòní.

Torí náà kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ìfun ló ń mú àpò dání. Ibi tó wà ló ń sọ ọ́. Ti Bàbá yín sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ló fà á tí wọ́n fi dárúkọ rẹ̀.

Egbòogi_Àtàtà

Èmi ò bá yín fi ọ̀bẹ kan baba yín. Owó làwọn èèyàn yìí ń wá. Ìtànṣán á jó o, kẹ́mò á fá a lórí, àpò á wà lára ẹ̀, á sì tún kú. Ẹ fún oníṣègùn Ìsẹ́yìn yẹn ní oṣù mẹ́ta péré. Àwọn bàbá wa ti ń wo jẹ̀dí kí UCH tó dé.

Àǹtíọlọ́mọmẹ́ta

@Egbòogi_Àtàtà, oṣù mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n sọ fún ọkọ àbúrò mi. Ó di mẹ́jọ. Inú rẹ̀ wú bí ìlù, kò lè yàgbẹ́, kò lè só, ó ń bì omi tó rùn bí ìgbẹ́. Ìfun ti dí pátápátá. Òru ni wọ́n gbé e wọ tíátà, tipátipá, láìsí àyẹ̀wò, láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, àpò tí wọ́n ń sá fún náà ni wọ́n padà gbé sí i lára. Nígbà yẹn ó ti wọ ẹ̀dọ̀. Ọmọ ọdún 44. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò lẹ́yìn ẹ̀.

Mi ò bá oníṣègùn jà. Èmi náà ń mu àgbo ibà. Àmọ́ CT Bàbá yìí ṣì mọ́! Ẹ mọ iye èèyàn tó ń tọrọ irú èsì yẹn?

Nọ́ọ̀sìÀná

Mo ti fẹ̀yìn tì, ọdún 31 ni mo lò ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí ìpayà ló ń pa èèyàn ju àrùn lọ nígbà míì.

Ìfun ìdí wà nínú egungun ìbàdí, àyè há níbẹ̀ gan-an. Ọ̀rá kan sì wà tó wé mọ́ ìfun yẹn bí ewé ṣe ń wé mọ́ mọ́ínmọ́ín. Inú ọ̀rá náà làwọn kókó wẹẹrẹ wà tí jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ sá sí. Látijọ́, oníṣẹ́ abẹ á kàn fọwọ́ fà á tu, ọ̀rá á ya, àrùn á ṣẹ́ kù, kò ní pẹ́ á tún hù síbi kan náà. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Bill Heald, ló kọ̀wé ní 1982 pé kí wọ́n máa fi sùúrù gé e láti ìta ọ̀rá náà, kí ọ̀rá àti ìfun jọ jáde ní odindi láìya. Àtìgbà yẹn ni híhù padà náà ti dín kù gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọwọ́ tó ń gé e ṣe pàtàkì ju bí ilé ìwòsàn ṣe rí lọ. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín ní gbangba: ẹ̀yin alára, mélòó irú èyí lẹ ń ṣe lọ́dún? Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ìtànṣán tó ṣáájú, kì í ṣe ìyà. Ó ń mú kí kókó jẹjẹrẹ náà súnkì, kí etí tí wọ́n máa gé lè mọ́, ìyẹn ni pé kí jẹjẹrẹ má ṣẹ́ kù sétí ibi tí ọ̀bẹ gbà. Nígbà míì ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, pẹ̀lú oògùn kẹ́mò oníhóró. Nígbà míì ọjọ́ márùn-ún péré, ìwọ̀n rẹ̀ á wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara balẹ̀, kí kókó náà sì tún máa súnkì lọ. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó kó ẹrù lọ, kí ẹ sì bèèrè ibòmíràn tó lè ṣe é bí kò bá ṣiṣẹ́, torí kò dára kí ìtànṣán dá dúró láàárín.

Ọ̀rọ̀ àpò wá nìyí. Ní 1908, dókítà kan tó ń jẹ́ Miles fi hàn bí wọ́n ṣe ń yọ ìfun ìdí àti ihò ìdí pa pọ̀, látòkè àti látìsàlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gbé fún ẹni tí tirẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, àpò títí ayé sì ni. Lónìí, bí kókó náà kò bá tíì jẹ ẹran tó ń di ihò ìdí mú, wọ́n lè gé e, kí wọ́n so ó padà. Àmọ́ ojú ibi tí wọ́n so yẹn bí ọgbẹ́ tútù ló rí. Wọ́n á wá fa ìfun kékeré díẹ̀ jáde sí ikùn fún ìgbà díẹ̀, kí ìgbẹ́ má bàa gba ibẹ̀ kọjá kó tó jiná. Àpò onígbà díẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń dá ìfun náà padà sínú, kí wọ́n dì í, lẹ́yìn oṣù méjì, mẹ́ta, tàbí tí kẹ́mò bá parí.

Bí wọ́n bá ṣe é tán, ohun tí ẹ máa ṣọ́ jù láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ibi tí wọ́n so náà má jò. Ara gbígbóná, ikùn dídùn tó ń le sí i, àyà tó ń sáré, ara tó ti ń dá tẹ́lẹ̀ tó wá yí padà lójijì: ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Àbájáde ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá tàbí ìfun ìdí bá ṣì wà lójú kan, nǹkan bí 9 nínú 10 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Tó bá ti fò lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, kò ju bíi 1 tàbí 2 nínú 10 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń gé ti ẹ̀dọ̀ náà kúrò fáwọn kan, tí ara wọn á sì yá. Tiwa níbí kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò nílò kí n parọ́ fún yín, àpẹ́dé sì wà lára ohun tó fà á.

Ohun kan tún: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ gba èsì àyẹ̀wò ẹran náà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wo iye kókó wẹẹrẹ tí wọ́n yẹ̀ wò. A máa ń retí kó tó 12 ó kéré tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtànṣán máa ń dín iye wọn kù. Ẹ wo mélòó ni jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, àti bóyá etí tí wọ́n gé mọ́. Ìwé yẹn ló máa sọ bóyá kẹ́mò ṣì kù.

Alápò_Bódìjà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, ẹ̀rín ń pa mí. "Ẹni tó ń fi ikùn yàgbẹ́ ti kú tán." Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé òkú tó ń kọ́ ọmọ JSS 2 ní Mathematics lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń kọ̀wé yìí.

Àpò títí ayé ni tèmi, apá òsì, ọdún kẹrin rèé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sí wàhálà. Oṣù kìíní, mi ò jẹ́ kí ọkọ mi wọ yàrá. Mo ń fọwọ́ pa á mọ́ bí ẹni jí nǹkan gbé. Ibi tó kó mi láyà jẹ jù ni ariwo, torí kò sí ohun tí o lè fi dì í mú. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ jáde, á jáde, ì báà jẹ́ àárín ìwàásù. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Ohun tí mo kọ́ rèé. Kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà, kí Bàbá wọ ṣòkòtò tí wọ́n máa ń wọ̀ gan-an lọ́jọ́ kan, kí wọ́n jókòó bí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, kí nọ́ọ̀sì fi báírò sàmì síbi tí àpò máa wà, níbi tí ojú wọn lè tó, tí bẹ́líìtì àti ìpéle ikùn ò ní bò ó. Ẹ béèrè fún un tí wọn ò bá ṣe é. Ti obìnrin kan tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù bọ́ sí abẹ́ ìpéle ikùn, ojoojúmọ́ ni àpò rẹ̀ ń ṣí.

Ojú ìfun tó yọ síta lára ikùn máa ń pupa, ó máa ń tutù bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í dùn wọ́n tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Tí àpò bá ti kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n má jẹ́ kó wúwo. Omi lásán ni kí wọ́n fi nù ún. Ọṣẹ olóòórùn àti òróró ìpara kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Àwọn èèyàn kan ń so láílọ́ọ̀nù mọ́ ikùn nítorí owó. Mo mọ ìdí ẹ̀, àpò yẹn wọ́n. Àmọ́ awọ á bó. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n dín owó dáńsíkí kù.

Ẹ̀wà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹyin àti àlùbọ́sà ń mú un rùn. Àmàlà àti ewédú kò ṣe mí ní nǹkan kan, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rí ìjà yẹn.

Ṣọlá_Challenge

Ti Alápò jẹ́ ti ìfun ńlá, ìgbẹ́ máa ń dì níbẹ̀. Tèmi ni irú èyí tó ṣeé ṣe kí Bàbá yín gbà, ti ìfun kékeré, onígbà díẹ̀. Omi ni, ó ń jáde tọ̀sántòru, ó sì ń jó awọ bí ata. Ṣàkìyèsí nǹkan méjì.

Èkíní, omi ara máa ń tán. Tí ohun tó ń jáde bá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, tí ìtọ̀ bá ń dúdú, tí òòyì bá ń kọ́ wọn, omi lásán ò tó, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà ti ORS. Kí wọ́n sì tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Èkejì, àgbàdo sísun. Ojú ọ̀nà ni mo wà ní Iwo Road, òórùn rẹ̀ gbà mí lọ́kàn. Àárín òru, kò jáde mọ́, ikùn le, mo ń bì. Pàjáwìrì ni wọ́n gbé mi lọ. Àgbàdo, ẹ̀pà, àgbọn, ẹran ọsàn: ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì rún un kúnná.

Wọ́n ti dì í padà fún mi báyìí. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rèé: oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn dídì yẹn le ju àpò lọ. Àyè tí ìfun ìdí fi ń tọ́jú ìgbẹ́ ti lọ, ìtànṣán sì ti mú ibẹ̀ le. Mo ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ nígbà 10, 12 lójúmọ́. Ó ti di nǹkan bí 4 báyìí lẹ́yìn ọdún kan. Awakọ̀ ni Bàbá, ẹ rò ó. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé àpò títí ayé á jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ ju sísopọ̀ lọ. Ẹ bá dókítà sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

ỌmọYemẹtu

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ti ìdúpẹ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tó kù tí Bàbá ń sọ ni ti ìrun. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa dúró níwájú Ọlọ́run pẹ̀lú ìgbẹ́ lára?

ỌmọKéwú_Òjé

Ẹ fún mi láyè. Èyí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ohun kan ń jáde lára rẹ̀ láìlè dá a dúró, ìtọ̀ ni o, ẹ̀jẹ̀ ni o, ìdájọ́ aláìsàn ló wà fún un. Tí àkókò ìrun bá ti wọlé, kó da àpò nù, kó ṣe àlùwàlá, kó kírun. Bí nǹkan bá jáde lẹ́yìn náà, ìrun rẹ̀ kò bàjẹ́ torí ìyẹn. Kí wọ́n bi Alfa wọn, kí ó tẹnu ẹni tí wọ́n fọkàn tán jáde. Bí Alfa bá lè bá wọn dé ilé ìwòsàn pàápàá, ó dára jù.

Àkọ́bíYemẹtu

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè kan wà tí Bàbá ò lè bi obìnrin, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀. Ti ọkùnrin ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìÀná

O ṣeun tó o bèèrè, ọmọ mi. Ó dáa kí wọ́n mọ̀ ṣáájú. Àwọn iṣan tó ń mú nǹkan ọkùnrin dìde àti èyí tó ń ṣàkóso ìtọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá tí mo sọ yẹn kọjá. Oníṣẹ́ abẹ tó fara balẹ̀ lè dá wọn sí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà, ìtànṣán náà sì ń dá kún un. Ó lè dín kù, ó lè padà láàárín ọdún kan sí méjì, oògùn sì wà. Kí wọ́n jọ sọ ọ́ pẹ̀lú Màmá níwájú dókítà, kó má di ohun tí wọ́n máa wá fẹ̀sùn kan ara wọn.

Ẹ̀yin ọmọ náà: nítorí pé Bàbá ní in kí wọ́n tó pé 60, kí olúkúlùkù yín lọ ṣe colonoscopy tẹ́ ẹ bá ti pé 40, bí ara bá tilẹ̀ le koko. Ẹ̀gbọ́n, o ti lé ní 30, àbí? Má gbàgbé.

Baba_Ẹlẹ́rankóòkù

Ẹ ṣètò ẹni mẹ́rin tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọ́ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ìyá. Ẹ lọ bi NHIA, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tàbí ti ìjọba Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá ní káàdì, ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà, kí ẹ sì gba èsì náà sórí ìwé. Bí Bàbá bá ń mu sìgá, kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn, láti ilé dé Adéòyó kí wọ́n padà, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá rìn wọ tíátà tètè ń rìn jáde.

Ìyàwó_Olùkọ́

Tọkọ mi kì í ṣe ìfun, agbẹ̀du ni, wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé. Ẹnu ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ fítámì B12 sì ni títí ayé. Wọ́n ti jẹ́ díákónì báyìí. Mo kàn ní kí n fi kún un, kí ẹlòmíì tó ń ka èyí lọ́jọ́ iwájú lè rí i.

ỌmọYemẹtu

Ẹ ṣé o. Alfa wá sílé ní Jímọ̀. Lánàá ni Bàbá pè mí, wọ́n ní kí n bá àwọn bèèrè ọjọ́ tí ìtànṣán máa bẹ̀rẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn gbà o, wọ́n kàn ní kí n bèèrè. Àwọn ará Ìsẹ́yìn ṣì ń bínú.

Màmá ti fẹ́ lọ ra àpò sílẹ̀ látìsinsìnyí, páálí méjì odindi. Irú wo ni kí wọ́n rà?

Alápò_Bódìjà

Ẹ dá Màmá dúró! Kò tíì sí ẹni tó mọ bí ihò náà ṣe máa tóbi tó. Ó máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, á wá máa súnkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tí wọ́n bá fún wọn ní wọ́ọ̀dù ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà ẹ ra ẹyọ márùn-ún péré, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé ihò rẹ̀ fúnra ẹni. Ẹ wọn ojú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ihò tí ẹ gé fi mìlímítà 2 sí 3 fẹ̀ jù ú lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀. Màmá ni kó máa gé e. Ọwọ́ obìnrin tó ń ránṣọ ló dára jù fún un, ọkọ mi gé tèmi wọ́gọ wọ̀gọ fún oṣù kan.